Àpótí pákó fún ẹrù ìpàgọ́: bí wọ́n ṣe ń kàn án sínú bùùtù ọkọ̀, àti ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ dè é mọ́lẹ̀

Ní ọdún 1866, darandaran kan nílẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charles Goodnight, ra ọkọ̀ ẹrù kan tí àwọn ológun ti lò rí, irú èyí tí ẹranko ń fà, ó sì kan àpótí pákó ńlá kan mọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀nà tó jìn ni òun àti Oliver Loving, ẹnìkejì rẹ̀, fẹ́ da màlúù gbà dé Fort Sumner ní New Mexico, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sì gbọ́dọ̀ jẹun lójoojúmọ́. Inú àpótí náà pín sí yàrá kéékèèké: ẹ̀wà ní àyè tirẹ̀, kọfí àti ìyẹ̀fun ní àyè tiwọn. Ìdérí rẹ̀ gan-an ni tábìlì, nítorí pé bí alásè bá ti tú u sílẹ̀, ẹsẹ̀ igi kan ni yóò gbé e dúró. “Chuck” ni àwọn darandaran ń pe oúnjẹ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ yìí ní chuck wagon. Ní ọdún 2005, ìjọba ìpínlẹ̀ Texas fi òfin sọ ọ́ di ọkọ̀ tí wọn yóò máa fi ṣe àmì ìpínlẹ̀ náà.

Màlúù kò fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn mọ́, ṣùgbọ́n àpótí kò parẹ́. Nígbà tí Henry Ford àti Thomas Edison pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ pàgọ́ ní ọdún 1919, ọkọ̀ ìdáná kan wà láàárín àwọn ọkọ̀ wọn, tó ní sítóòfù àti àpótí yìnyín nínú. Títí di òní, àwọn ẹgbẹ́ Síkáòtù ní Amẹ́ríkà ṣì ń kan irú àpótí Goodnight fún ìkòkò àti abọ́ wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Houston àti Dallas kò kéré, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá sì wọ ẹgbẹ́ náà yóò tètè mọ ohun tí à ń wí.

Ẹni tó bá ti kó ẹrù ìpàgọ́ sínú bùùtù rí mọ ìyọnu rẹ̀. Àgọ́ wà nísàlẹ̀, ìkòkò wà lórí rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ti há sábẹ́ tìmùtìmù, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Àwọn kan yóò ní kí ènìyàn ra àpótí oníke, ó ṣe tán, kò wọ́n, kò sì wúwo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa mú kí ike gbó kí ó sì sán, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì ṣe é jókòó lé. Pákó ni ènìyàn lè gé bá bùùtù ọkọ̀ ara rẹ̀ mu.

Téèpù ìwọ̀n ni ohun àkọ́kọ́ tí a ó mú, kì í ṣe ayùn. Ibi tí bùùtù ti fún jù lọ, láàárín ihò táyà méjèèjì, ni kí a wọ̀n, kì í ṣe ibi tó ti fẹ̀. Kí a wọn ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí àpótí tó bá inú bùùtù mu lè kọ̀ láti gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Kí a wá yọ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì kúrò lára ohun tí a rí, kí àpótí má baà há. Gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀yìn àga.

Plywood ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹyọ kan, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin, tí ó nípọn ní mìlímítà 18, lè wọn nǹkan bíi kílò 36 bí ó bá jẹ́ ti igi birch tó le dáadáa. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 12 yóò wọn bíi kílò 24. Ní tiwa, mìlímítà 12 ti tó. Àwọn tí ń lo 18 kàn ń sọ ọkọ̀ wọn di ọkọ̀ agbégi ni. Àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 40, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 35, yóò wọn nǹkan bíi kílò 11 kí a tó fi ohunkóhun sínú rẹ̀. Èyí ni kò fi yẹ kí a kan àpótí kan ṣoṣo tó gba bùùtù já. Méjì tí ẹnì kan lè dá gbé sàn jù.

Ìṣó lásán kò tó fún ìdìpọ̀ rẹ̀, nítorí gbígbọ̀n ojú ọ̀nà a máa fa ìṣó yọ. Gúlúù ni kí a kọ́kọ́ fi sí i, kí a wá fi síkúrúù yí i pọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ara wọn, lẹ́yìn tí a bá ti lu ihò sílẹ̀ kí igi má baà là. Kí a gé ihò ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí a fi bébà ìfági fá etí rẹ̀ dáadáa. Fáníṣì ṣe pàtàkì jù ní etí pákó tí a gé, ibẹ̀ ni omi ti ń wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni dídè. Bí ọkọ̀ tó ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan, tí iwájú rẹ̀ sì rún tó ìdajì mítà kó tó dúró, agbára tí àpótí yóò fi ta síwájú yóò tó nǹkan bí ìlọ́po 20 ìwọ̀n rẹ̀. Àpótí tó wọn kílò 25 yóò bá àga ẹ̀yìn bí ẹrù kílò 500. Ọmọ ló sì sábà máa ń jókòó síbẹ̀. Nítorí náà, kí àpótí tó wúwo jù wà nísàlẹ̀, kí ó fara ti ẹ̀yìn àga, kí a sì fi okùn pẹlẹbẹ oní-irin dè é mọ́ òrùka irin tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi sílẹ̀ bùùtù. Kò sí ìdí láti dè é mọ́ ike ara ọkọ̀. Bí a bá fẹ́ kan òrùka mọ́ àpótí fúnra rẹ̀, kí a fi pátákó irin tì í lẹ́yìn nínú, kí ó má baà fa pákó ya.

Sílíńdà gáàsì kò gbọdọ̀ wọ àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà jáde. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń sùn sí, nítorí náà ìsàlẹ̀ àpótí ni kí ihò wà, kì í ṣe òkè nìkan. Kí sílíńdà dúró lóòró, kí a má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe torí òtútù tan sítóòfù tàbí kó èédú gbígbóná sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí: èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn a máa pa ènìyàn lójú oorun.

Ohun tí a ó kọ́kọ́ lò níbi àgọ́ ni a ó kó sínú ọkọ̀ kẹ́yìn, ìyẹn àgọ́ fúnra rẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn tí a bá ti rìn tó kìlómítà mẹ́wàá, kí a dúró, kí a ṣí bùùtù, kí a tún okùn náà fà le, nítorí ẹrù a máa jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, okùn a sì dẹ̀.