Ẹjọ́ Rẹfirí Kì í Tán Ní Ẹgàn

Bí oṣù kẹfà ọdún bá ti wọlé, tí àwọn ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà bá ń du ife-ẹ̀yẹ NBA, àwọn kan wà ní Ẹgàn yìí, lójú ọ̀nà tó ti Ìgàndò lọ sí Ìyànà-Ìbà, tí oorun wọn kì í pé mọ́. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ni wọ́n sábà ń bẹ̀rẹ̀ eré náà lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwa, aago kan ààbọ̀ òru ni. Ìyàwó ti sùn, ọmọ ti sùn, ṣùgbọ́n oníṣòwò tí yóò ṣí ìsọ̀ ní kùtùkùtù, àti tíṣà tí yóò pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì, wọ́n ṣì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n bí ọdẹ tí ń ṣọ́ ẹran. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọ́n bá pàdé, gbólóhùn kan ni ẹ óò gbọ́: "Rẹfirí ló jà wá lólè!"

"Wá" yìí a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ni ará Alímọ̀ṣọ́ nínú ẹgbẹ́ Los Angeles? Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, ọmọ wa kan ti wà ńbẹ̀ rí, òun ló sì kó ọ̀pọ̀ ará Èkó sínú ọ̀rọ̀ yìí.

Hakeem Ọlájùwọ́n ni mò ń wí. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1963, Muslim Teachers College ló sì lọ (ẹ̀yin tíṣà, ẹ yangàn díẹ̀). Ní ọdún 1994, ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, kojú New York Knicks nínú àṣekágbá. Fún ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan yé, kì í ṣe eré kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń mọ olúborí níbẹ̀: ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú méje ló ni ife. New York ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, Houston lẹ́ẹ̀mejì. Ní eré kẹfà, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, Houston ní 86, New York ní 84, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. John Starks fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù onípoìǹtì mẹ́ta tí ì bá parí gbogbo rẹ̀. Hakeem na ọwọ́ gbọọrọ, orí ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kò sì dé apẹ̀rẹ̀. Fèrè kò dún. Ní ọjọ́ 22, Houston borí 90 sí 84, ife di tiwọn.

Ẹ bi wọ́n ní Ẹgàn bí Hakeem bá gbá ọwọ́ ọkùnrin náà, ẹ óò rí ìjà! Òfin NBA sọ pé ọwọ́ tó bá wà lára bọ́ọ̀lù, ara bọ́ọ̀lù ni. Ẹni tó bá kàn án kò ṣẹ̀. Ó tún sọ pé bí bọ́ọ̀lù bá ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sí apẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ti Starks ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni. Lójú tèmi, ìdajì àwọn tó ń pariwo kò tíì gbọ́ òfin méjèèjì yìí rí.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fura sí rẹfirí ní ẹ̀rí tó wúwo ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2002, Los Angeles Lakers àti Sacramento Kings pàdé ní eré kẹfà, kí ẹni tó borí wọ àṣekágbá. Ní ìdá kẹrin eré náà nìkan, ìgbà 27 ni àwọn Lakers ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí rẹfirí fi ń san ẹ̀ṣẹ̀ fún ni. Wọ́n borí 106 sí 102, wọ́n borí eré keje, wọ́n sì gba ife. Ralph Nader, agbẹjọ́rò tó máa ń jà fún àwọn oníbàárà, kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọ̀gá NBA.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá ti rọlẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Tim Donaghy. Ọdún mẹ́tàlá ni ọkùnrin yìí fi jẹ́ rẹfirí NBA. Ní ọdún 2007 ó jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀tatẹ́tẹ́, òun sì ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré tí òun fúnra òun ń dá. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni adájọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ní ọdún 2008. Lọ́dún náà ló tún fẹ̀sùn kan àwọn rẹfirí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí eré ọdún 2002. NBA ní irọ́ ni, ìwádìí tí wọ́n ṣe kò sì rí rẹfirí mìíràn mú sí irú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bí eré mọ́, nígbà tí owó ọjà ń bọ́ sí ilé tẹ́tẹ́ ládùúgbò wa lójoojúmọ́? Àwọn ìyá tó ń ta gàrí mọ ìyàtọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kò fẹ́ mọ̀. Ọwọ́ a máa gbọ̀n nígbà tí ènìyàn bá ń wọn gàrí. Bó bá dín lónìí, ó lè lé lọ́la. Ṣùgbọ́n kọ́ńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, ìgbàkígbà ló ń dín. Ti Donaghy, kọ́ńgò tí a tẹ̀ ni. Ti Súrúlérè ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tí pẹnárítì Victor Ikpeba lu igi òkè, tó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, tí rẹfirí ará Tùnísíà ní kò wọlé, tí Kamẹrúùnù sì gba ife lọ, mo gbà pé ọwọ́ ló gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kò ní gbà fún mi.

Láti ọdún 2015, NBA ń tẹ ìwé jáde lọ́jọ́ kejì eré tó bá fún pọ̀ títí dé òpin, wọn a sì sọ gbogbo àṣìṣe rẹfirí ní ìṣẹ́jú méjì ìkẹyìn. Àṣìṣe náà a hàn, ṣùgbọ́n èsì eré kì í yí padà. Inú tíṣà dùn sí i, nítorí òun náà a máa kọ àtúnṣe sára ìwé ọmọ. Oníṣòwò ní kí ni òun fẹ́ fi ìwé ṣe nígbà tí wọn kò dá owó padà?

Ó ṣe tán, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn obìnrin wa, D'Tigress, na Málì 78 sí 64 ní Àbíjáǹ, wọ́n sì gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀karùn-ún léraléra. Poìǹtì mẹ́rìnlá ló wà láàárín wọn. Ẹ wá ẹni tó bínú sí rẹfirí ọjọ́ náà káàkiri Ẹgàn, bí ẹ bá rí i, ẹ kọ̀wé sí wa.