Ṣòkòtò Wúrà: Bí Eré Ọjọ́ Kan Ṣe Di Òṣùwọ̀n Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Ohio àti Michigan

Agbábọ́ọ̀lù fásitì Ohio State lè gba ife, ó lè gba òrùka, síbẹ̀ ohun kékeré kan wà tí yóò tọ́jú ju gbogbo wọn lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ṣòkòtò ni, ṣòkòtò wúrà tín-ń-tín tí wọ́n fín ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ náà, ọdún, àti iye ayò sí lára. Bó ti wù kí ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù gbá tó, kò lè rí i gbà àfi bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá na fásitì Michigan. Ọdún 1934 ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun kan, Francis Schmidt, ló dé sí Columbus, wọ́n sì bi í bó ṣe fẹ́ ṣe ti Michigan tó ń dẹ́rù bà wọ́n sí. Ó ní ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì làwọn ọmọ Michigan náà fi ń wọ ṣòkòtò, gẹ́gẹ́ bíi tàwa náà. Ayò 34 sí òdo ló fi nà wọ́n lọ́dún yẹn.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá o. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí gbọọrọ, tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré, tí wọ́n fi ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ọmọ iléèwé ló ń gbá a ní fásitì, ṣùgbọ́n ẹ má fojú eré iléèwé wò ó. Pápá ìṣeré Michigan ní Ann Arbor ń gba èèyàn 107,601. Ti Ohio State ní Columbus náà lé ní 100,000. Àwọn ọmọ á gbá a fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń kù nílé, òun ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan, títí kan gómìnà pàápàá, tí owó rẹ̀ tó ti akọ́nimọ̀ọ́gbá fásitì. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù wọn kì í fi í pẹ́ kó tó dórí rẹ̀: ṣé ó mọṣẹ́ ni, àbí òkìkí rẹ̀ ló ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ?

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ryan Day ti Ohio State ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Michigan tó wá bá wọn lálejò ní Columbus ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́dún náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ohio State. Kò sẹ́ni tó rò pé eré gidi máa wà níbẹ̀. Nígbà tí fèrè ìparí dún, ayò 13 sí 10 ni Michigan fi jáwé olúborí. Àwọn ọmọ Michigan gbé àsíá wọn lọ sí àárín pápá láti rì í mọ́ ibẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ó sì di pé àwọn ọlọ́pàá ń fín èròjà ata sí wọn lójú. Ẹ̀ẹ̀kẹrin léra léra nìyẹn tí Michigan na Day. Látìgbà tó ti dépò títí di ọjọ́ yẹn, ó ti borí nínú eré 66, ó sì pàdánù 10. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá yẹn, Michigan ló ni ín. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ní kí wọ́n lé e lọ.

Ẹni tó borí nínú eré 66 nínú 76! Ibo ni wọ́n ti ń lé irú rẹ̀? Kì í ṣe wèrè ló ń ṣe àwọn ará Columbus. Òṣùwọ̀n tí wọ́n jogún ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, mo sì fẹ́ ká mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín wọn kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ní 1835 sí 1836, Ohio àti Michigan kó ọmọ ogun dojú kọ ara wọn lórí ìlú Toledo. Ìjọba àpapọ̀ gbé Toledo fún Ohio, wọ́n sì fi ilẹ̀ òkè àríwá tu Michigan lójú. Ní 1897 ni àwọn fásitì méjèèjì kọ́kọ́ kojú lórí pápá, tí Michigan borí pẹ̀lú ayò 34 sí òdo. Láti 1918 wọn ò fi ọdún kan fo eré náà títí àrùn Kòrónà fi dí wọn lọ́wọ́ ní 2020. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ Ohio State á máa fi téépù pupa pa lẹ́tà M tó bá wà lára pátákó iléèwé wọn rẹ́. Orogún ni wọ́n.

Àmọ́ orogún nìkan kò tó láti sọ eré kan di òṣùwọ̀n. Òfin ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Big Ten ni ìdíje tí àwọn fásitì méjèèjì wà. Títí di 1975, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni Big Ten máa ń jẹ́ kó lọ gba eré ìparí ọdún, ìyẹn Rose Bowl ní Pasadena, California. Ipò kejì kò ní nǹkan kan. Nítorí pé eré Ohio State àti Michigan ló máa ń kẹ́yìn, tí àwọn méjèèjì sì sábà máa ń ṣáájú, Sátidé kan ṣoṣo ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ ọdún kan gbáko já sí nǹkan tàbí ó já sí asán.

Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló wá da epo sí iná náà. Woody Hayes ni ọ̀gá, ní Ohio State. Bo Schembechler ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ ní fásitì Miami ní Ohio, ó tún bá a ṣiṣẹ́ ní Columbus kó tó gba iṣẹ́ Michigan ní 1969. Ní ọdún tó ṣáájú, ayò 50 sí 14 ni Hayes fi na Michigan. Bo kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbàgbé: nígbà ìdánrawò, òǹkà 50 ló ní kí àwọn tó ń ṣe bí Ohio State wọ̀ sára. Ohio State dé sí Ann Arbor pẹ̀lú ìṣẹ́gun 22 léra wọn. Wọ́n kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ayò 24 sí 12 lórí. Ọmọṣẹ́ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá lójú gbogbo ayé. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bo borí lẹ́ẹ̀marùn-ún, Hayes lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀mì yẹn, ti 1973, ṣì ń dun Michigan. Ayò 10 sí 10 ni, ẹnikẹ́ni kò sì tíì na ìkankan nínú wọn lọ́dún náà. Àwọn ọ̀gá eré ìdárayá ní àwọn fásitì Big Ten ló dìbò, wọ́n sì mú Ohio State lọ sí Pasadena. Láti 1972 sí 1974, eré méjì péré ni Michigan pàdánù nínú 33. Ohio State ló nà wọ́n nínú méjèèjì. Àwọn ọmọ tó wọlé sí Michigan lásìkò yẹn ṣe ọdún mẹ́ta láìfojú kan eré ìparí ọdún kankan. Bí wọ́n bá ní kí n fi ìka kan ibi tí òṣùwọ̀n yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni màá fi kàn.

Òfin yí padà ní 1975, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Òṣùwọ̀n kò yí padà. John Cooper ló bá.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí, nítorí pé èmi kì í lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí n má kẹ́dùn. Kó tó dé Columbus, Arizona State ló wà, ó sì fi ẹgbẹ́ náà na Michigan ti Bo nínú Rose Bowl 1987. Ohio State rí i, wọ́n ní a ti rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń na orogún wa, wọ́n gbé e wá ní 1988. Ní ọdún 13 tó lò, ó borí nínú eré 111, ó sì pàdánù 43. Nínú 13 tó gbá pẹ̀lú Michigan, méjì péré ló jẹ, ó pàdánù mẹ́wàá, ó ta ọ̀mì kan. Ní 1995, kò sẹ́ni tó tíì nà án nínú eré 11 kó tó dé Ann Arbor. Tim Biakabutuka ti Michigan, ọmọ tí wọ́n bí ní Kóńgò, fi bọ́ọ̀lù sá kọjá lára wọn fún yáàdì 313 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Michigan sì borí. Ní 1996, ó tún padà wá láìpàdánù eré kankan, nílé ara rẹ̀ ní Columbus. Ohio State ti fi ayò 9 ṣáájú, Michigan kò ní ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìsinmi, ẹsẹ̀ Shawn Springs, ọ̀kan nínú àwọn adènà tó dára jù ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà, yọ̀ lórí koríko. Tai Streets ti Michigan ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń sáré lọ. Yáàdì 69. Ayò 13 sí 9 ni eré parí sí. Òun nìkan ni Ohio State pàdánù lọ́dún náà, ipò kejì ni wọ́n sì wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ẹsẹ̀ ọmọ kan ló yọ̀ lórí koríko, ni wọ́n bá ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kò mọṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001, wọ́n lé Cooper lọ.

Jim Tressel ló gba ipò rẹ̀. Ó ti mọ òṣùwọ̀n kó tó dé: ní oṣù Kìíní 2001, ó dìde láàárín eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ó ṣèlérí fún àwọn òǹwòran pé wọn yóò fi àwọn ọmọ wọn yangàn, pàápàá lẹ́yìn ọjọ́ 310, ní Ann Arbor. Kò sọ orúkọ eré. Gbogbo ilé ló pariwo. Ó sì ṣe é, ayò 26 sí 20. Ṣòkòtò wúrà náà ló wà lára ohun tó lé e lọ ní 2011: àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù kan gbé tiwọn àti àwọn ẹ̀bùn mìíràn tà, wọ́n fi ya ara, Tressel mọ̀, kò sì tètè sọ.

Ní Ann Arbor, Jim Harbaugh ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Bo ni òun náà tẹ́lẹ̀. Òun ló ṣèlérí ní 1986 pé àwọn máa na Ohio State, tí wọ́n sì nà wọ́n, 26 sí 24. Ó padà sílé ní ìparí 2014 pẹ̀lú òkìkí ńlá. Eré márùn-ún ló gbá pẹ̀lú Ohio State láti 2015 sí 2019, kò jẹ ẹyọ kan. Ayò 62 wọlé sí i ní 2018, 56 ní 2019. Nígbà tí 2020 parí, tí Michigan jẹ eré méjì nínú mẹ́fà, iléèwé gé owó rẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 dọ́là sí mílíọ̀nù 4. Ìgbà yẹn ni ẹnu kò kúrò lára rẹ̀ mọ́: wọ́n ní ariwo lásán ni òkìkí rẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà méjì wà lára àwọn tó bá a yí ìtàn náà padà. Wọ́n bí David Ojabo ní Port Harcourt, ó dàgbà ní Scotland, kò sì tètè mọ bọ́ọ̀lù yìí rárá. Ní 2021, òun àti Aidan Hutchinson ló ń lépa ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù látọ̀tún látòsì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún náà, yìnyín ń bọ́ lórí Ann Arbor, Michigan na Ohio State 42 sí 27. Ìgbà àkọ́kọ́ láti 2011 nìyẹn. Ní 2022, ọmọ Yorùbá kan, Olusegun Oluwatimi, dé láti fásitì Virginia. Òun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ fún ẹni tó máa jù ú. Láìsí i, eré kò lè bẹ̀rẹ̀. Ayò 45 sí 23 ni wọ́n fi na Ohio State ní Columbus, Olusegun sì gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington pa pọ̀ lọ́dún náà.

Ti 2023 lábùkù. Wọ́n ń ṣèwádìí pé òṣìṣẹ́ Michigan kan ń ṣètò kí wọ́n máa lọ ká àmì ọwọ́ àwọn alátakò sílẹ̀, Big Ten sì ní kí Harbaugh jókòó sílé fún eré mẹ́ta tó kẹ́yìn kí àwọn eré àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, títí kan ti Ohio State. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Sherrone Moore, ló dúró fún un, Michigan sì borí 30 sí 24. Ní oṣù Kìíní 2024 wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè, Harbaugh sì kó lọ sí Los Angeles. Nígbà tó yá, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá fásitì, fi owó ìtanràn ńlá jẹ Michigan níyà. Èmi kò ní fọwọ́ bo àbùkù yẹn. Síbẹ̀, àwọn tó ní kò mọṣẹ́ ní 2020 kánjú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ryan Day. Ọdún 2024 ni ìdíje àṣekágbá orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fàyè gba ẹgbẹ́ 12. Lábẹ́ òfin ìgbà Hayes, ilé ni ayò 13 sí 10 yẹn ì bá rán Day lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà ṣì ṣí. Ohio State na Tennessee, wọ́n na Oregon, wọ́n na Texas, wọ́n na Notre Dame 34 sí 23 ní Atlanta ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2025. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n ní kó máa lọ ní oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń gbé ife fún kí ọjọ́ 60 tó pé. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ó lọ sí Ann Arbor, ó na Michigan 27 sí 9, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gba ṣòkòtò wúrà.

Àwọn kan ní nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ná lórí àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù ló gba ife 2024, kì í ṣe Day. Owó lè kó ọmọ jọ, ṣùgbọ́n owó yẹn náà ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí Michigan nà wọ́n. Ẹni tó tún àwọn ọmọ tí ojú ń tì gbé dìde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Kí ẹ̀yin ará Columbus àti Ann Arbor máa ṣe orogún yín lọ, ó dùn ún wò. Òfin tó sọ Sátidé kan di adájọ́ ni mo ní ó ti kú, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n rẹ̀ náà sinmi.

Atlanta tí Day ti gba ife yẹn náà ni ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù fásitì Amẹ́ríkà wà. Láti 2008 ni wọ́n ti yan John Cooper mọ́ wọn.