Ta Ni Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Ń Gbẹnu Sọ Fún?

Ìpàtẹ ọjà ni aráàlú fi mọ ẹgbẹ́ oníṣòwò ìpínlẹ̀ jù. Gómìnà á wá ṣí i, bàǹkì á nawó sí i, àwòrán á kún inú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà tó kan àpò oníṣòwò gan-an kì í wáyé ní pápá ìpàtẹ. Ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná ló ti ń wáyé, tàbí yàrá tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ti ń jókòó, tàbí pálọ̀ alága kánsù lálẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ìjọba pé kí owó-orí kan wálẹ̀, kí òmíràn má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún ọ̀nà àdúgbò ilé-iṣẹ́ ṣe kí wọ́n tó béèrè owó ilẹ̀. Orúkọ gbogbo oníṣòwò ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì fi ń bẹ ẹ̀bẹ̀ náà. Orúkọ yẹn ló ń kọ mí lóminú.

Kí oníṣòwò ní ohùn nínú ìṣàkóso ìlú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ní Pàràkòyí tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbóni, Ológun àti Ọdẹ. Ẹgbẹ́ oníṣòwò Èkó, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lagos Chamber of Commerce, ti wà láti 1888. Nígbà tí òfin tí Gómìnà Clifford ṣe fún Nàìjíríà gbé ìgbìmọ̀ aṣòfin kalẹ̀ ní 1922, ẹgbẹ́ oníṣòwò wà lára àwọn tí ìjọba fún láàyè láti ní aṣojú níbẹ̀. Èkó àti Kálábà nìkan ló ń dìbò nígbà náà, ọkùnrin tó bá sì ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dì í. Ará Ìbàdàn tó ń gbin kòkó kò ní ìbò, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra kòkó náà ní àga. NACCIMA tó so àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí pọ̀ dé ní 1960, àwọn ìpínlẹ̀ wa sì ní tiwọn lónìí. Ìyókù ìtàn náà kò yí ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ padà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò ṣókùnkùn sí ẹni tó bá ti bá ilé iṣẹ́ ìjọba da nǹkan pọ̀ rí. Ẹgbẹ́ á kọ ìwé àlàyé nígbà tí àbádòfin bá délẹ̀, wọ́n á lọ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé tí ilé aṣòfin pe aráàlú sí, wọ́n á lọ kí kọmíṣọ́nnà tuntun, wọ́n á tú ètò ìṣúná palẹ̀ nígbà tọ́dún bá yí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í dúró dìgbà ìpàdé aráàlú rárá. Àbádòfin tí gómìnà bá ti fọwọ́ sí kó tó dé ilé aṣòfin kì í sábà yí padà níbẹ̀ ju kọ́mà kan sí méjì lọ. Orí tábìlì òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ ọ́ ni wọ́n ti ń yí i, ibẹ̀ ló sì ti hàn pé ẹgbẹ́ náà wúlò. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ bu owó lé àwọn tó ń ta ẹja tútù lè má mọ iye dísù tí fíríìsà ńlá ń jẹ lóṣù kan. Ẹgbẹ́ oníṣòwò lè gbé ìṣirò náà síwájú rẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Ìṣirò bẹ́ẹ̀ ti lè gba ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń jà fún wọn. Mi ò fojú kéré èyí rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń díjú ni ti oríṣiríṣi owó tí ìpínlẹ̀ àti kánsù ń gbà. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1998 to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà: 8 fún ìjọba àpapọ̀, 11 fún ìpínlẹ̀, 20 fún ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2015, àṣẹ mínísítà gbé ti ìpínlẹ̀ dé 25, ti ìjọba ìbílẹ̀ dé 21. Òfin 1998 yẹn kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó-orí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì fi ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, kíóòsì, pátákó ìpolówó, títí dórí bárò àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, sábẹ́ ìtọ́jú kánsù. Nítorí náà, gbogbo ohun tí oníṣòwò bá fọwọ́ kàn ló ní ẹni tó lè béèrè owó lórí rẹ̀. Ọkọ̀ búrẹ́dì tó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sára, tó sì ń gba ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin kọjá, lè pàdé ẹni mẹ́rin tó ń ta sítíkà kan náà, tí oníkálukú á máa sọ pé ti kánsù òun ni òfin mọ̀. Àwọn ọmọ tó ń dá ọkọ̀ náà dúró kì í sábà jẹ́ òṣìṣẹ́ kánsù. Kọngilá kan ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, kọngilá ọ̀hún ti ṣèlérí iye tí yóò máa san, ohun tó bá lé ni tirẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ oníṣòwò ń béèrè fún láti ọdún pípẹ́ ni ìwé owó kan ṣoṣo lọ́dún, tí gbogbo owó ìpínlẹ̀ àti ti kánsù á wà nínú rẹ̀, tí èèyàn á san ní bàǹkì láìrí ẹnikẹ́ni lójúkojú. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Bí ìjọba bá sì gbà, ẹgbẹ́ á kéde pé àwọn ti ṣẹ́gun fún gbogbo oníṣòwò.

Ó yẹ kí a wo ẹni tí ìwé owó kan ṣoṣo yìí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ní àdírẹ́sì, tó ní akọ̀ṣirò, tó ní lọ́yà tó lè gbé fáìlì jáde bí agbowó bá dé, òun ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìyá tó ń ta ata níwájú ọjà kì í gba ìwé owó ọdọọdún. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń já fún un lójoojúmọ́: ti ilẹ̀, ti ìdọ̀tí, ti ẹgbẹ́, àti èyí tí kò ní orúkọ. Oníkẹ̀kẹ́ ń san tirẹ̀ kó tó gbé èrò àkọ́kọ́, bó sì bá dé gáréèjì kejì yóò tún san. Owó tí kánsù kò rí gbà mọ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í kúrò nínú ètò ìṣúná rẹ̀. Kọngilá tó ṣèlérí iye kan ṣì gbọ́dọ̀ pé e, àwọn tó sì kù tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ni àwọn tí kò ní fáìlì. Bẹ́ẹ̀ ni ìtura ẹni kan ṣe lè di ìnira ẹlòmíràn, tí ẹgbẹ́ tó bá ìjọba ṣàdéhùn náà kò sì ní mọ̀, nítorí ẹni tí ìnira bá kò sí nínú ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ní èsì kan tí wọ́n máa ń fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní bí ilé-iṣẹ́ bá dúró, olóúnjẹ ẹnu géètì rẹ̀ náà á dúró, nítorí náà ìjà ẹni ńlá ni ìjà ẹni kékeré. Ní ti iná mànàmáná àti ọ̀nà, mo gbà pẹ̀lú wọn. Títì tí wọ́n bá tún ṣe fún ọkọ̀ àjàgbé, alárobọ̀ náà á gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ire àwọn méjèèjì ti ta kora. Ẹni tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù gọbọi kò fẹ́ kí ẹlòmíràn pàtẹ irú ọjà kan náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tí ó bá wá kan pé kí kánsù kó àwọn tó ń tajà lójú títì kúrò, ibo ni ẹgbẹ́ tó ní òun ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo oníṣòwò yóò dúró sí? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san owó ẹgbẹ́ ni yóò dúró sí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, bí wọ́n bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti bá wọn ṣàròyé ni kí wọ́n máa pè é ní ire gbogbo ọjà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ń bá ara wọn fà: ṣé kí wọ́n máa yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún ìjọba ni, tàbí kí wọ́n pariwo? Àwọn tó fara mọ́ ìdákẹ́jẹ́ ní gómìnà tí wọ́n bá dójú tì nínú ìwé ìròyìn kò ní ṣílẹ̀kùn mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àṣìṣe nínú òfin, ìwé àṣẹ tó ń falẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń yọni lẹ́nu, ìdákẹ́jẹ́ lè yanjú wọn. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ti kà mọ́ ohun tí yóò fi san owó oṣù, kò sí ìkíni tó lè dín in kù. Ìjọba tí wọ́n fẹ́ takò yìí ló sì ń ra àgọ́ ńlá níbi ìpàtẹ ọjà wọn, òun ni àlejò pàtàkì níbi àsè ọdọọdún, ààrẹ ẹgbẹ́ lónìí sì lè di kọmíṣọ́nnà lọ́la. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹgbẹ́ tí ìdajì ìnáwó rẹ̀ bá ń ti ọwọ́ ìjọba wá kò lè dúró gbọn-in lọ́jọ́ tí ìjọba bá ṣe ohun tí kò dára.

Ẹ jẹ́ kí á rántí àwọn tí kò ní ọ́fíìsì tàbí akọ̀wé. Ní 1940, ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún. Àwọn ìyá ọjà tú jáde, ìjọba sì gbé ààlà náà dé £200. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jà títí wọ́n fi dá owó-orí obìnrin dúró, Aláké sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Àwọn wọ̀nyí ní èrò lẹ́yìn, wọn kò ní fáìlì. Ẹgbẹ́ oníṣòwò ìgbà yìí ní fáìlì, kò ní èrò. Ìjọba sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Àwọn kan ń dá a lábàá pé kí òfin sọ ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo oníṣòwò ní tipátipá. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ilé iṣẹ́ tí òfin ìjọba gbé kalẹ̀ ni ẹgbẹ́ oníṣòwò, àwọn oníṣòwò ló sì ń dìbò yan àwọn tó ń ṣojú wọn níbẹ̀. Ìbò yẹn wù mí. Ohun tí kò wù mí ni pé ohun tí ìjọba fi òfin gbé kalẹ̀, ìjọba lè fi òfin gbé e wálẹ̀. Mo fara mọ́ ẹgbẹ́ afínnúfíndọ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí á rí inú òun.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Kí gbogbo ìwé tí ẹgbẹ́ bá kọ sí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí kánsù di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Kí wọ́n sọ nínú rẹ̀ irú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, àti àwọn tí kò sí níbẹ̀. Kí wọ́n sọ iye tí ìjọba fún wọn lọ́dún náà. Ní ti kánsù, níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì ti ń wá, kí Ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti ti oníkẹ̀kẹ́ jókòó sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú wọn kí ẹnikẹ́ni tó lọ bá alága ṣàdéhùn.

Ẹ̀yin oníṣòwò kékeré, ẹ má dúró de ẹni tí yóò pè yín. Ìpàdé tí ilé aṣòfin bá pe aráàlú sí lórí àbádòfin owó-orí, tiyín ni. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ kó àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já fún yín lóṣù kan dání, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ní òun ń sọ̀rọ̀ fún yín pé kó fi ìwé tó kọ lórúkọ yín hàn yín.