Kí Afínkòkòrò Tó Gbé Páǹpù

Ní Ayétòrò, bí ìdun tàbí aáyán bá ti gba ilé kan, ẹni tó ń fín oògùn koríko lóko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré pè. Ó ní páǹpù tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń po oògùn, owó rẹ̀ kò sì ga. N kò bá a wí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó gbé páǹpù yẹn wọ yàrá yín. Oògùn koríko a máa kù sínú rọ́bà àti ẹnu páǹpù, kódà bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Oògùn tí wọ́n ṣe fún oko kò sì yẹ lára ògiri tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá yóò máa fọwọ́ kàn. Afínkòkòrò tó mọṣẹ́ a ní páǹpù ọ̀tọ̀ fún inú ilé.

Ibo la ti ń rí irú wọn? Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, Ayétòrò níhìn-ín náà ni olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá, ẹ ní kó fi ike oògùn rẹ̀ hàn yín pẹ̀lú ìwé tó wà lára rẹ̀ àti nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tó gbé oògùn sínú ike omi tí kò ní orúkọ, ẹ dá a padà.

Ojú tí afínkòkòrò fi ń wo ilé gan-an lẹ ń sanwó fún. Bó bá jẹ́ ìdun ni ẹ tìtorí rẹ̀ pè é, á tan tọ́ọ̀ṣì, á gbé bẹ́ẹ̀dì dìde, á sì máa fi ọwọ́ la etí mátírẹ́ẹ̀sì níbi tí wọ́n ti rán an. Bó bá rí àmì dúdú tóótòòtó, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹnu báírò kàn án, ìgbẹ́ ìdun ni, ẹ̀jẹ̀ yín ló mu kó tó yà á. Á tún wo ihò ìṣó lára pákó bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn kọ́tìnì àti ibi tí ògiri ti sán. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ ń gbé, á ní kí wọ́n ṣí yàrá tó wà lápá ọ̀tún àti tòsì pẹ̀lú, nítorí ìdun ń gba ara ògiri kọjá. Mátírẹ́ẹ̀sì tí ẹni tó ń kó lọ tà fún ẹni tó ń wọlé ló sábà máa ń gbé wọn dé.

Fífín ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹyin ìdun máa ń pa láàárín ọjọ́ 6 sí 10, ọ̀pọ̀ oògùn kì í sì í ran ẹyin. Bẹ́ẹ̀ náà ni aáyán kékeré tó ń gbé ilé ìdáná: àpò ẹyin kan ṣoṣo lè ní ọmọ 30 sí 40 nínú, oògùn kì í wọ inú àpò yẹn. Ìdí nìyí tí afínkòkòrò fi gbọ́dọ̀ padà wá lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, láti pa àwọn ọmọ kí àwọn náà tó dàgbà tí wọ́n á yé ẹyin. Ẹ san ìlàjì owó, kí ìyókù di ọjọ́ ìpadàbọ̀.

Fún aáyán, mo fẹ́ràn oògùn bí ọ̀dà tí wọ́n ń tọ́ sí kọ̀rọ̀ ju èyí tí wọ́n ń fín lọ. Aáyán á jẹ ẹ́, á gbé e lọ síbi tó ń sá pamọ́ sí, àwọn tó bá sì jẹ ìgbẹ́ tàbí òkú rẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fín oògùn mìíràn lé e, wọn ò ní fẹnu kàn án mọ́.

DDVP, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ike kékeré rẹ̀, láti mílílítà 100 wálẹ̀, wọ́n sì ní kí sùpámákẹ́ẹ̀tì má tà á mọ́, nítorí oògùn oko ni. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń fín in sórí ẹní tí ọmọ ń sùn lé, wọ́n ń pò ó mọ́ kẹrosíìnì ṣe ọ̀tapiápiá, wọ́n ń fi í sínú ẹ̀wà. Ẹni tí oògùn yìí bá mú lára á máa làágùn, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, èémí á sì máa ṣòro fún un. Ẹ gbé e jáde síta, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé òun àti ike náà lọ sí ọsibítù. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú un bì. Oògùn oníhóró tí àwọn oníṣòwò àgbàdo ń fi sí ibi ìkẹ́rùsí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lásán tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ tó ń pani. Kò gbọdọ̀ dé inú ilé tí ènìyàn ń sùn.

Ikán ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ojú ọ̀nà amọ̀ tó gun ògiri lọ sí pákó òrùlé nìkan lẹ ń rí, abẹ́ ilẹ̀ ni ilé wọn wà. Bí ẹ bá gbá a dànù, ibòmíràn ni wọ́n á gbà. Afínkòkòrò á gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìpìlẹ̀ ká, á da oògùn sí i, á sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Oògùn tó ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀, irú fipronil, ló dára jù, nítorí ikán ń fi ẹnu bọ́ ara wọn, èyí tó bá gbé oògùn wálé á pín in kiri kó tó kú. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ni nǹkan rọ̀ lọ́rùn fún jù: kí wọ́n fi oògùn sí ilẹ̀ inú ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da jámánì.

Ní ti eku, sìmẹ́ńtì ṣiṣẹ́ ju oògùn lọ. Oògùn eku tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ń gba ọjọ́ bíi 3 sí 5, eku á lọ kú sínú àjà, ológbò tó bá jẹ ẹ́ sì lè kú. Ihò tí àtàǹpàkò bá lè wọ̀, ẹ fi wáyà àti sìmẹ́ńtì dí i. Ẹ bo gààrí, ẹ má sá a sílẹ̀ lásán. Eku tó ń gbé kòkòrò ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, ń gbé inú ilé àti inú igbó, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ ló fi ń kó o ran oúnjẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá bá ìgbẹ́ eku nílẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ẹ da omi oníbílíìṣì lé e, kí ó rin dáadáa, kí ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí ẹ tó fi àkísà nù ún.