Bí Ayé Ṣe Mọ̀ Pé Ẹni Tó Gba Stent Graft Kò Gbọdọ̀ Fi Àyẹ̀wò Sílẹ̀

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ lára èèyàn, aorta, gba inú ikùn kọjá. Nígbà mìíràn, pàápàá lára àgbàlagbà ọkùnrin tó ti mu sìgá, ara iṣan náà á rọ̀, á sì wú síta bí táyà ọkọ̀ tó yọ kókó. Kì í sábà dunni. Bó bá wá bẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń kú kí wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Láti ọdún 1951 tí Charles Dubost ti pààrọ̀ irú iṣan bẹ́ẹ̀ ní Paris, kí wọ́n la ikùn ni ọ̀nà àtitún un ṣe. Arúgbó tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára lè má ti orí tábìlì iṣẹ́ abẹ dìde. Àwọn wọ̀nyí ni Dókítà Juan Parodi ń rò ní Argentina. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, ní Buenos Aires, ó gba ojú abẹ kékeré ní ìsàlẹ̀ ikùn ọkùnrin kan, ó ti aṣọ ríránpọ̀ tí wáyà dì mú gba inú iṣan lọ sókè, ó sì fi tẹ́ inú ibi tó wú. Inú aṣọ yìí, tí wọ́n ń pè ní stent graft, ni ẹ̀jẹ̀ wá ń gbà. Dókítà Nikolay Volodos ti ṣe ohun tó jọ ọ́ nínú àyà aláìsàn kan ní Kharkiv, ní Ukraine, lọ́dún 1987, àmọ́ ìròyìn kì í tètè jáde láti Soviet nígbà náà.

Ní 1999, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí méjì nínú àwọn stent graft yìí. Ọ̀kan ń jẹ́ Ancure, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e wọlé máa ń há sínú ara aláìsàn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá Guidant, mọ̀, ó sì dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan ló kọ lẹ́tà sí FDA ní ọdún 2000 láìfi orúkọ sí i. Nígbà tó di 2003, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn 10, ó sì san owó tó lé ní mílíọ̀nù 92 dọ́là. Ìṣòro 172 péré ló ti fi tó ìjọba létí. Èyí tó fi pa mọ́ lé ní 2,600. Ikú èèyàn 12 wà nínú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe lẹ́tà yẹn, ta ni ìbá mọ̀?

Àwọn dókítà Britain gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwádìí EVAR 1, wọ́n pín àwọn aláìsàn sí méjì: àwọn kan gba stent graft, wọ́n la ikùn àwọn yòókù. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nǹkan bí 1.7 ló kú nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti stent graft, 4.7 nínú àwọn tí wọ́n la ikùn wọn. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun kíka iye àwọn tó ń kú, ohun tí mo sì yìn wọ́n fún jù nìyẹn. Èsì ọdún 2016 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, àwọn ti stent graft ló ń kú jù. Aṣọ náà lè yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa jò gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí ibi tó wú tún bẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti gba stent graft, ẹ má ṣe sọ pé ara yín ti dá, kí ẹ pa ọjọ́ àyẹ̀wò tí dókítà dá fún yín jẹ. Ẹ̀yin tí bàbá yín wà ní England, NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ń kọ lẹ́tà pe àwọn ọkùnrin fún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tó ń wo bóyá iṣan yìí ti wú, lọ́dún tí wọ́n bá pé ẹni ọdún 65. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rí i pé wọ́n lọ.