Ṣé o mọ̀? Tẹ́lẹ̀, apá ló ń sọ ọjọ́ orí ọmọ

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lọ́jọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ láti Ìjerò, Arámọ̀kọ dé Ẹ̀fọ̀n ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ọmọ á na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka bá kan etí òsì, ó ti tó ilé-ìwé í lọ.

Ìdí wà níbẹ̀. Orí ọmọ kékeré tóbi, apá rẹ̀ sì kúrú. Láàárín ọdún 6 sí 7 ni apá sábà máa ń gùn tó etí. Ṣùgbọ́n ìdàgbàsókè ọmọ kò dọ́gba: apá kúkúrú lè dá ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé padà sílé.

Láàárín ọdún 6 sí 7 yìí kan náà ni 20 eyín ọmọdé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká, títí di nǹkan bí ọdún 12.

Òye ọmọ pẹ̀lú ń yí padà. Da gààrí inú àwo tó fẹ̀ sínú ife gíga lójú ọmọ ọdún 5, yóò ní ti inú ife ló pọ̀ jù. Tó bá di bí ọdún 7 tàbí 8, ó mọ̀ pé iye kan náà ni.

Èdè ilé sì ń ran òye ọmọ lọ́wọ́. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6 gbáko. Wọ́n ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin lọ.