Bí A Ṣe Ń So Ṣájà Mọ́ Bátìrì Ọkọ̀ Ojú Omi
Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ọjà ní Yenagoa àti Warri ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bátìrì 12 volt tí a fi ń tan iná lálẹ́ máa ń tú gáàsì hydrogen jáde tó bá ń gba iná. A kì í rí i, kò lóòórùn, ṣùgbọ́n bí wáyà bá ta pàrà lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè bú gbàù.

Torí náà, ẹ má gbé ṣájà sórí bátìrì. Ibi tó gbẹ, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kẹ́ ẹ kàn án mọ́, kí kẹ́ẹ̀gì epo sì jìnnà sí i. Ẹ fi fíúùsì sí wáyà pupa, nítòsí bátìrì gan-an. Tó bá jìnnà, tí wáyà bó lágbedeméjì, iná á ti jó kí fíúùsì tó mọ̀.

Ẹ so pupa, ẹ so dúdú, kẹ́ ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, orí ilẹ̀ ni kó sì wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ kọ́kọ́ pa iná. Èmi tú u láìpa iná nígbà kan, ó ta pàrà lójú mi. Ọlọ́run ló yọ mí.

Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ yín gbọ́ o.